Odò Tó Ń Kún, Odò Tó Ń Fà: Mímọ Àsìkò Ẹja Lódò Ògùn

Omi tó ń ṣàn kọjá ní Abẹ́òkúta kì í ṣe omi òjò Abẹ́òkúta nìkan. Orí òkè lágbègbè Ṣakí ni odò Ògùn ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìṣẹ́yìn kọjá, odò Òfíkì àti odò Ọ̀yán sì dà sínú rẹ̀ lójú ọ̀nà, kí gbogbo wọn tó jọ ṣàn gba Ìṣẹ́rì àti Agbóyì lọ sínú ọ̀sà Èkó. Òjò tó bá rọ̀ ní Ṣakí kò lè dé ìsàlẹ̀ odò lọ́jọ́ tó rọ̀. Nítorí náà, oòrùn lè máa ràn ganrínganrín lórí apẹja kí omi abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ sì máa kún. Òjò náà lè máa pa á kí omi máa fà. Ẹni tó bá wo ojú ọ̀run orí ara rẹ̀ nìkan kó tó gbé àwọ̀n, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Ìdajì tó kù wà lókè odò, ó sì wà nínú ìbéèrè kan tó ṣe pàtàkì ju bí omi ṣe pọ̀ tó lọ: ṣé omi yìí ń kún ni, àbí ó ń fà?

Odò yìí ní ìlànà tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Níhà gúúsù ilẹ̀ Yorùbá, òjò máa ń le lẹ́ẹ̀mejì: àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà sí ìkeje, ìkejì nínú oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ẹ̀ẹ̀rùn kékeré inú oṣù kẹjọ ló máa ń là wọ́n láàárín. Bí a bá ti ń gòkè lọ sápá Ṣakí, ẹ̀ẹ̀rùn kékeré yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Òjò ibẹ̀ á máa le sí i títí di oṣù kẹsàn-án. Ìdí nìyí tí odò Ògùn fi máa ń kún jù lọ nínú oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, nítorí pé òjò òkè odò àti òjò ìsàlẹ̀ odò pàdé ara wọn nígbà náà. Láti oṣù kọkànlá wọ oṣù kẹta, omi á máa kéré sí i ni.

Tó bá fi máa di oṣù kejì, àpáta á ti yọrí síta ní ọ̀pọ̀ ibi, omi tó kù á sì pọ̀ sínú àwọn ibú. Inú ibú wọ̀nyí ni ẹja kóra jọ sí. Omi mọ́ gaara, kò sáré, ẹja kò sì níbi tó lè sá sí. Kì í ṣe èèṣì pé oṣù kejì sí ìkẹta ni wọ́n máa ń ṣe ọdún ẹja pípa tó lókìkí ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi lónìí. Omi ibẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì ti ka odò léèwọ̀ fún apẹja títí ọjọ́ ọdún á fi pé.

Àkọ́rọ̀ òjò ni àsìkò tó máa ń rú apẹja lójú jù. Láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, òjò ńlá kan tàbí méjì á rọ̀ sórí ilẹ̀ tó ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Eérú igbó tí wọ́n dáná sun, ewé jíjẹrà, ìgbẹ́ màlúù àti ìdọ̀tí ojú àgbàrá, gbogbo rẹ̀ ni omi á gbá wọnú odò lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú kí ìdọ̀tí yìí jẹrà máa ń lo ọ́síjìn tó wà nínú omi, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù lè má tó ẹja mí. Ẹja á wá máa yọ ẹnu sójú omi. Ẹni tí kò mọ̀dí á rò pé ebi ló ń pa wọ́n, á sì sáré lọ mú ìwọ̀. Ẹja tó ń wá èémí kì í wá oúnjẹ. Ìdẹ tó dára jù lọ kò níṣẹ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Omi ní láti ṣàn fún ọjọ́ mélòó kan, kí ìdọ̀tí kọjá lọ, kí ẹja tó padà sẹ́nu jíjẹ.

Ohun kan wà tó jọ èyí tó sì léwu. Bí ẹja bá kú lọ bẹẹrẹbẹ nígbà tí òjò kankan ò tíì rọ̀ lókè odò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n da májèlé sómi. Gámálìn, oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó láyé àtijọ́, ni àwọn kan ti lò fún irú iṣẹ́ ibi yìí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Ẹja tó bá kú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun jíjẹ, kì í ṣe ohun títà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bu omi ibẹ̀ mu.

Nígbà tí òjò bá ti wá fìdí múlẹ̀, láti oṣù karùn-ún lọ, odò á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí etí bèbè, á sì wọ inú àbàtà àti koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àsìkò yìí ni àrọ̀ ń yé ẹyin. Lálẹ́ ọjọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀, àwọn àrọ̀ ńláńlá á fi ibú sílẹ̀, wọ́n á wọ inú omi tí kò jìn, láàárín koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, kí wọ́n lè yé ẹyin síbẹ̀. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé kì í fẹ̀, ẹ̀yìn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ sójú omi, ọmọdé pàápàá lè fi apẹ̀rẹ̀ gbá wọn. Kò sí àsìkò tí wọ́n rọrùn láti mú tó yìí, kò sì sí àsìkò tí mímú wọn ba odò jẹ́ tó yìí, nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin ló wà nínú abo kan ṣoṣo. Àwọ̀n tó dí gbogbo ẹnu ọ̀nà àbàtà pa ní oṣù kẹfà ń kó ẹja ọdún tó ń bọ̀. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni ẹja pípa látayébáyé, odò ibẹ̀ sì jẹ́ ibi tí ẹja ti lè bí kó sì dàgbà láìsí ìyọlẹ́nu. Odò Ògùn ò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi tó gbà kọjá. Ọwọ́ apẹja fúnra rẹ̀ ni ààbò náà wà.

Bí àkúnya bá wá dé góńgó, ohun tó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé ẹja á ṣọ̀wọ́n nínú àwọ̀n. Wọn ò tán. Wọ́n ti fọ́n ká sínú gbogbo ilẹ̀ tí omi bò, wọ́n ń jẹ kòkòrò, ekòló, èso àti irúgbìn tó wà níbẹ̀, wọ́n sì ń sanra. Omi tí ẹja kan ní láti fi ara pamọ́ sí ti di ìlọ́po púpọ̀, ìṣàn sì le débi pé ó ń fa àwọ̀n ya tàbí kó fi igi dí i. Lẹ́yìn góńgó yìí ni àsìkò tó dára jù lọ nínú gbogbo ọdún máa ń wọlé, láti ìparí oṣù kẹwàá sínú oṣù kọkànlá, nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹja tó ti sanra nínú àbàtà gbọ́dọ̀ padà sínú odò kí ilẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn lábẹ́, ojú ọ̀nà tí omi ń gbà jáde sì ni òun náà máa gbà. Ẹnu àwọn ọ̀nà omi kéékèèké yìí ni ìgèrè ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ó dára kí omi fà díẹ̀díẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀ lójijì, ọ̀pọ̀ ẹja á há sínú kòtò àti ọ̀gọ̀dọ̀, ẹyẹ á sì jẹ wọ́n níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n padà dé odò rárá.

Mímọ̀ bóyá omi ń kún tàbí ó ń fà kò gba ohun èlò olówó ńlá. Ọ̀pá kan tí a fi ọ̀bẹ fá àmì sí lára ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá, tí a rì mọ́lẹ̀ níbi tí omi ò ti ní gbé e lọ, ti tó. Wíwò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ṣe kókó. Bí kò bá sí ọ̀pá, bèbè odò á sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí omi bá ń fà, ilà ẹrẹ̀ tútù á wà lókè ojú omi, koríko etí odò á dùbúlẹ̀, ẹrẹ̀ á sì wà lára ewé rẹ̀. Nígbà tó bá ń kún, omi á kan ilẹ̀ gbígbẹ tààrà, koríko tó wà nínú rẹ̀ á ṣì dúró ṣánṣán, ojú omi á sì kún fún ewé gbígbẹ, ẹ̀ka igi, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìfóófòó. Àwọn nǹkan yìí máa ń pọ̀ nígbà tí omi bá ń gòkè, nítorí pé ó ń gbé ohun tó ti wà lórí bèbè láti ọjọ́ pípẹ́. Bí omi bá ṣì pupa ṣùgbọ́n tí pàǹtírí ti dín kù lójú rẹ̀, àmì ni pé góńgó ti fẹ́ kọjá tàbí ó ti kọjá.

Eré omi ni ohun tó tún kàn. Ọsàn kan tó láti fi wọ̀n ọ́n. Ọsàn dára ju igi gbígbẹ lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú ara rẹ̀ máa ń rì sómi, afẹ́fẹ́ ò sì lè tì í bó ṣe wù ú. A ó wọn mítà mẹ́wàá lórí bèbè, níbi tí odò ti tọ́ díẹ̀, a ó ju ọsàn sí àárín omi lókè ibẹ̀, a ó sì ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi rin mítà mẹ́wàá náà. Bó bá gbà á ní 20, eré ojú omi jẹ́ ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi ìsàlẹ̀ kì í sáré tó ti òkè, torí pé ilẹ̀ àti òkúta ń dá a dúró. Nítorí náà a máa ń fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀, a ó sì ní nǹkan bíi 0.43. Bí odò náà bá fẹ̀ tó mítà 20, tí jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ mítà kan ààbọ̀ bí a bá pín in dọ́gba, omi tó ń kọjá níbẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13 mítà oníhà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Iye náà nìkan ò sọ púpọ̀. Nígbà tí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú iye ẹja tí a rí lọ́jọ́ náà, ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, nítorí pé kò sí ibi méjì lórí odò tí eré tó dára fún ẹja dọ́gba.

Ẹja kì í fẹ́ fi gbogbo agbára rẹ̀ bá omi jà. Ibi tí omi tó ń sáré bá ti kan omi tó rọra ń ṣàn ni ó máa ń dúró sí, kí ìṣàn lè gbé oúnjẹ wá bá a láìjẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn àpáta ńlá nirú ibẹ̀, àti abẹ́ gbòǹgbò igi tó wó sómi, àti ibi tí odò kékeré ti dà sínú ńlá. Níbi tí odò bá ti yí, ìta kọ́ńà náà ló máa ń jìn, torí pé ìṣàn ń gbẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ á kún fún yanrìn, kò sì ní jìn. Nígbà tí omi bá kéré, ẹja á wà ní ìta kọ́ńà, nínú ibú. Nígbà tí omi bá pọ̀ tó sì ń sáré, ọ̀pọ̀ á sún sí inú, lórí yanrìn, níbi tí eré ti rọ̀. Apẹja tó bá ń dẹ àwọ̀n sójú kan náà láti oṣù kejì dé oṣù kẹsàn-án ti fi ìdajì ọdún ṣòfò.

Omi tó rọra ń ṣàn ní ewu tirẹ̀. Ìgbín kéékèèké tó ń gbé àtọ̀sí ajá fẹ́ràn ibi tí omi ti dákẹ́ tí koríko sì wà, adágún dáàmù Ọ̀yán sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí àìsàn yìí ti pọ̀ láàárín àwọn tó ń gbé etí omi. Kòkòrò tó ń fa àìsàn náà máa ń jáde lára ìgbín jù lọ ní ọ̀sán gangan. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà pé kó wọ inú irú omi bẹ́ẹ̀, àárọ̀ kùtùkùtù sàn fún un ju ọ̀sán lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí wákàtí tí ewu náà tán pátápátá.

Àwọ̀ omi ń sọ irú ẹja tó yẹ kí a máa wá àti ohun tó yẹ kí a fi wá a. Angelo Secchi, àlùfáà ará Ítálì tó tún jẹ́ onímọ̀ nípa ìràwọ̀, dá ọgbọ́n kan ní ọdún 1865 tí wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé: a so okùn mọ́ àwo funfun kan, a rì í sómi díẹ̀díẹ̀, a sì wo ibi tí ojú ò ti rí i mọ́. Abọ́ funfun ilé, tí a di òkúta mọ́ nídìí, lè ṣe iṣẹ́ náà. Bí abọ́ bá pòórá kó tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹja tó ń fi ojú wá oúnjẹ, irú epìyà, á ṣòro fi ìwọ̀ mú. Àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún ò bìkítà. Irùgbọ̀n ẹnu wọn ni wọ́n fi ń tọ́ omi wò tí wọ́n sì fi ń mọ ibi tí ìdẹ wà, ìdẹ tó bá ń rùn sì ni kí a lò fún wọn. Òjìjí tún yàtọ̀ sí wọn, nítorí pé iná tó wà lára rẹ̀ ló fi ń dá ẹja mìíràn lára kó tó gbé e mì. Ti àwọ̀n tí a ń dẹ sílẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìwọ̀: omi tó ṣú díẹ̀ dára fún un, torí ẹja ò ní rí òwú rẹ̀. Bí omi bá mọ́ gaara, òru ni kí a dẹ ẹ́.

Àwọ̀ pupa ẹrẹ̀ túmọ̀ sí pé òjò ń gbá ilẹ̀ oko wá láti òkè. Omi tó dúdú bí omi àgbo tí kò sì ní ẹrẹ̀ nínú, inú àbàtà àti igbó ló ti wá, ewé ló pa á láró, ọ́síjìn inú rẹ̀ sì lè kéré. Omi aláwọ̀ ewé máa ń wà níbi tó dákẹ́ tí oòrùn ń pa. Epìyà fẹ́ràn rẹ̀ dáadáa.

Nípa ojú ọ̀run, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí apẹja mọ̀ ni ibi tí ìjì ti ń wá. Atẹ́gùn tó ń gbé ọ̀rinrin wá láti òkun ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ṣùgbọ́n ìjì ńlá tó ń sán àrá, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àsìkò òjò, láti ìhà ìlà oòrùn ló ń rìn wá. Ìkùukùu dúdú tó ga bí ògiri níhà ìlà oòrùn, tí atẹ́gùn tútù bá sì tẹ̀ lé e lójijì, kò fúnni ní àkókò púpọ̀. Kí ọkọ̀ wà ní èbúté kí ó tó dé. Igi àràbà etí odò kì í ṣe ibi ìsápamọ́sí nígbà tí mọ̀nàmọ́ná bá ń kọ. Bí mọ̀nàmọ́ná bá ń kọ lálẹ́ lọ́nà jíjìn níhà àríwá láìsí ìró àrá, ìròyìn òkè odò nìyẹn: omi lè gòkè láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó ń rọ̀ láti àárọ̀ nínú oṣù kẹjọ kì í yí odò padà púpọ̀. Ó ń bo oòrùn, ó ń mú omi tutù díẹ̀, ẹja á sì máa jẹun títí di ọ̀sán dípò kó lọ fara pamọ́. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dára gan-an fún ìwọ̀, àwọn tó ń dúró de oòrùn sì ń pàdánù rẹ̀. Òjò alágbára tó rọ̀ fún wákàtí kan ní tirẹ̀ á gbá ekòló àti kòkòrò wọ odò, ọ̀bọ̀kún àti àrọ̀ á sì wá sétí bèbè lójú ibi tí àgbàrá ti ń wọlé, títí omi á fi ṣú jù.

Ẹja ò ní ooru ara tirẹ̀. Bí omi bá ṣe rí ni ara rẹ̀ ṣe máa rí. Ooru tún ń lé ọ́síjìn kúrò nínú omi. Lítà omi odò kan tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 20 ní òṣùwọ̀n Celsius lè gba nǹkan bíi miligíráàmù 9 ọ́síjìn, ṣùgbọ́n bó bá gbóná dé 30, kò ní lè gbà ju bíi 7 ààbọ̀ lọ. Nínú oṣù kejì sí ìkẹrin, tí oòrùn le jù, ibi tí omi ti ń jó lórí òkúta àti abẹ́ òjìji igi ni ẹja máa ń wá, nítorí pé omi tó ń já lulẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ sínú. Nínú ibú tó dákẹ́ tó sì kún fún koríko, kùtùkùtù òwúrọ̀ ni ọ́síjìn kéré jù, nítorí pé koríko inú omi náà ti ń lò ó láti alẹ́ láìsí oòrùn tí yóò fi dá òmíràn padà. Àrọ̀ lè fojú di èyí, torí pé ó ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Nígbà ọyẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Atẹ́gùn gbígbẹ láti àríwá ìlà oòrùn á mú omi tutù lóru, epìyà á lọ sísàlẹ̀, kò ní fẹ́ jẹun láàárọ̀. Ìgbà tí oòrùn bá ti pa omi, láti bí agogo méjìlá lọ, ni kí a lọ bá a. Lórí adágún tó fẹ̀, atẹ́gùn ọyẹ́ tún máa ń ru omi sókè débi pé ọkọ̀ kékeré ò gbọdọ̀ jìnnà sí bèbè.

Ìwé ẹja pípa tó ti ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wá máa ń tẹnu mọ́ ìwúwo afẹ́fẹ́, pé bó bá lọ sílẹ̀, ẹja á jẹun tàbí kò ní jẹun. Níbẹ̀, ó lè yí padà ní 20 tàbí 30 hectopascal láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ju bíi 3 tàbí 4 lọ lójúmọ́, ó sì ń gòkè sọ̀kalẹ̀ ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́: ó máa ń ga ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ ní bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹja tó bá sì rì sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá péré ti bá àyípadà 10 hectopascal pàdé. Kò sí ìdí tí apẹja odò Ògùn á fi náwó lórí ohun èlò tó ń wọn èyí. Òṣùpá wúlò jù ú lọ: ní òru òṣùpá, ẹja máa ń rí àwọ̀n, àwọ̀n tí a dẹ sílẹ̀ kì í sì í kó tó ti òru tó ṣókùnkùn.

Ohun méjì ló lè ba gbogbo ìṣirò yìí jẹ́. Èkíní ni dáàmù. Láti ọdún 1983 tí wọ́n ti ṣí dáàmù Ọ̀yán, tó ń pèsè omi fún Abẹ́òkúta àti Èkó, ọwọ́ àwọn tó ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ni apá kan ìṣàn odò Ògùn wà. Ní ìparí àsìkò òjò, nígbà tí adágún bá kún, wọ́n ní láti tú omi sílẹ̀, omi á sì ga ní Abẹ́òkúta, ní Ìṣẹ́rì àti Ìsàwò láìjẹ́ pé òjò rọ̀ níbẹ̀. Ìgèrè àti àwọ̀n tí a so sílẹ̀ á bá omi lọ. Kì í sí pàǹtírí púpọ̀ lójú irú omi yìí, nítorí pé ẹrẹ̀ àti igi ti sinmi sínú adágún. Gíga láìsí ìdọ̀tí ni àmì rẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun máa ń kéde kí wọ́n tó tú u, NIHSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ omi odò Nàìjíríà, náà sì máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ àkúnya jáde lọ́dọọdún. Rédíò ni apẹja fi ń gbọ́ èyí, ó sì yẹ kó jẹ́ ohun tí wọ́n ń béèrè ní èbúté kí wọ́n tó béèrè iye tí ẹja ń lọ.

Èkejì ni òkun. Ní ìsàlẹ̀ odò, lápá Agbóyì, omi òkun tó ń wọ ọ̀sà Èkó máa ń gbé omi odò sókè lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò ò lágbára, iyọ̀ á bá omi náà wọlé. Nígbà òjò, odò á tì í jáde. Ọ̀bọ̀kún lè gbé nínú méjèèjì. Nítorí náà, omi tó ń gòkè ní Agbóyì lọ́sàn-án lè má ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú òjò, ọ̀pá tí a rì síbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ń wò ní ìgbà tí òkun bá fà tán, lójoojúmọ́, kó tó lè sọ òtítọ́ nípa odò.

Odò Ọya fi hàn bí òkè odò ṣe lè jìnnà tó. Láti orí òkè ilẹ̀ Gíní ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì rin nǹkan bíi 4,180 kìlómítà kó tó dé òkun. Àkúnya méjì ló ń mú dé Nàìjíríà. Ti àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní àkúnya funfun, jẹ́ ti òjò tó rọ̀ nítòsí. Ó máa ń dé láti oṣù kẹjọ, ó kún fún ẹrẹ̀, góńgó rẹ̀ sì wà ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ìkejì ni àkúnya dúdú. Òjò ilẹ̀ Gíní ni, ṣùgbọ́n ó ti fọ́n ká sórí ilẹ̀ àbàtà ńlá orílẹ̀-èdè Mali fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó ti já gbogbo ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, nígbà tó bá sì dé Nàìjíríà, láti bí oṣù kọkànlá lọ, ó mọ́, ọyẹ́ sì ti dé. Ẹni tó ń pẹja níbẹ̀ máa ń rí omi tó ń gòkè láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò Ògùn ń fà. Láti ọdún 1968 tí dáàmù Kainji ti parí, àkúnya méjèèjì ń sinmi sínú adágún rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí Jẹ́bà, gíga omi nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé iná mànàmáná tí wọ́n ń fà jáde níbẹ̀ ju bó ṣe ń tẹ̀ lé òjò lọ. Lókè Kainji, àkúnya funfun àti dúdú ṣì ń dé ní àsìkò wọn: a máa fi ìdẹ olóòórùn wá ọ̀bọ̀kún àti àrọ̀ nínú ti àkọ́kọ́, a ó sì dẹ àwọ̀n lóru nínú ìkejì.